Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ track day, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe sí mọ́tò mi?

Ẹ́ńjìnì_1600

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin àgbà orí tíráàkì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tí mi ò dá sí i, àmọ́ eléyìí ti ká mi lára, mo ní láti béèrè. Oṣù tó kọjá ni ọ̀rẹ́ mi kan mú mi dání lọ sí track day, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí tíráàkì fún àwọn tó fẹ́ fi mọ́tò ara wọn sáré, ó ní kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan sitíárì o, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn oorun ò kùn mí bó ṣe yẹ mọ́. Mo bá forúkọ sílẹ̀ fún tèmi, lọ́dọ̀ àwọn akọ́bẹ̀rẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mọ́tò mi kì í ṣe alágbára. Kékeré ni, ẹ́ńjìnì 1.6, gíá tí èèyàn ń fọwọ́ yí, táyà iwájú ló ń fà á, òun náà ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan, ló bá ní mi ò lè gbé e lọ bẹ́ẹ̀ yẹn láé, àfi kí n ré sípíríǹgì ẹ̀ sílẹ̀, kí n pààrọ̀ sàlẹ́ńsà, kí n sì ra táyà tí wọ́n fi ń díje. Owó tó pè ju ohun tí mo ní lọ.

Ṣé òótọ́ ló sọ? Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe sí mọ́tò yìí gan-an kó tó lè lọ? Hẹ́límẹ́ẹ̀tì wo ni kí n rà? Èyí tó ń já mi láyà jù ni àwọn tó máa gbé mọ́tò alágbára wá sẹ́yìn mi, báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí mi ò ní dí wọn lọ́nà, tí wọn ò sì ní gbá mi? Ẹ ṣàánú mi, ẹ ṣàlàyé bí ẹni ń ṣàlàyé fọ́mọdé.

Bíréèkì_Ló_Ṣáájú

Àbúrò, káàbọ̀. Má tíì náwó kankan sórí sípíríǹgì. Ẹni tó sọ ìyẹn fún ẹ lè mọ mọ́tò tún ṣe dáadáa o, àmọ́ kò jọ ẹni tó ti bá akọ́bẹ̀rẹ̀ jókòó nínú mọ́tò lórí tíráàkì rí. Mọ́tò 1.6 tí ara ẹ̀ yá ló dáa jù láti fi kọ́ eré yìí, torí kò ní gbé ẹ dé ibi tí ọgbọ́n ẹ ò tíì dé. Ṣó o rí MX-5 tí Mazda gbé jáde ní 1989, ẹ́ńjìnì 1.6 ló wà nínú àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo ara ẹ̀ ò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ, títí dòní àwọn èèyàn ṣì ń fi í kọ́ṣẹ́ káàkiri ayé. Ẹni tó bá fi mọ́tò alágbára bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọ̀nà ti lọ tààrà ló ti máa ń rí eré sá, tó bá dé kọ́nà ọwọ́ ẹ̀ á ṣófo.

Ibi tó yẹ kówó ẹ lọ ni bíréèkì, mo sì fẹ́ kó yé ẹ dáadáa torí òun ló lè pa èèyàn. Lójú títì, o lè wakọ̀ fún wákàtí kan kó o má tẹ bíréèkì gidi ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Lórí tíráàkì, o ò ní sinmi, wàá tẹ̀ ẹ́ látorí eré ńlá wá sí kékeré, o ò tíì mí délẹ̀ wàá tún tẹ̀ ẹ́. Tí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì máa gbé mì kì í ṣe ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ni, kó o máa bọ̀ látorí 160 wá dúró kì í ṣe ẹgbẹ́ kó o máa bọ̀ látorí 80 rárá. Gbogbo ẹ̀ ló ń di ooru, ooru yẹn ń wọ inú dísìkì àti pádì, láti ibẹ̀ ó ń wọ inú ọ́ìlì bíréèkì. Ọ́ìlì yẹn ló sì ní àléébù kan, ó máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, kódà kí mọ́tò wà lójú kan. DOT ni wọ́n fi ń to irú ọ́ìlì bíréèkì; DOT 4 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ike, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ gbóná dé 230°C kó tó hó, àmọ́ tó bá ti mu omi tó ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, 155 péré ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. DOT 3 tún kéré sí i, 205 nígbà tó tuntun, 140 tó bá ti mumi. Tó bá wá hó, èéfín ló máa kún inú páìpù, èéfín sì ṣeé fún pọ̀, ọ́ìlì ò ṣeé fún pọ̀. Wàá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ẹ á lọ kan ilẹ̀, mọ́tò ò ní dúró.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ni, séṣọ̀n kẹrin, ìyẹn ìgbà kẹrin tí mo wọ tíráàkì lọ́jọ́ yẹn. Láti ìkẹta ni mo ti ń rí i pé bíréèkì ń rọ̀ lẹ́sẹ̀ mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé mo ti sanwó gbogbo ọjọ́, pé kó ṣáà fara dà á. Ìparí ibi tó gùn jù lórí tíráàkì ni mo dé tí mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ń tẹ̀ ẹ́ léraléra bí ẹni ń gún nǹkan lódó, ó mú díẹ̀, mo já gíá wálẹ̀, mo bá lọ rì sínú òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà síbẹ̀ nítorí irú ẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe mí, àmọ́ ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí mo fi délé. Ọdún mẹ́rin ni ọ́ìlì yẹn ti wà nínú mọ́tò, èmi ni mi ò pààrọ̀ ẹ̀.

Nítorí náà, pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì ẹ lọ́sẹ̀ tó o bá máa lọ, gba DOT 4 tó dáa tàbí 5.1, kí wọ́n fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde. Má jẹ́ kí wọ́n ta DOT 5 fún ẹ o, nọ́ńbà ẹ̀ ló jọra, sílíkónì nìyẹn, kì í bá ìyókù pọ̀. Pádì tó nípọn dáadáa lo nílò, èyí tó lè gba ooru àmọ́ tó ṣì ń mú nígbà tó bá tutù, torí ìwọ náà lo máa fi mọ́tò yẹn wa ara ẹ délé. Pádì àwọn tó ń díje gan-an kì í mú dáadáa tí kò bá tíì gbóná, má rà á.

Ìyókù ò gba owó. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kó dé àmì òkè, omi rédíétọ̀ kó pé, kí nọ́ọ̀tì táyà le bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mọ́tò ẹ, lo sìpánà tó ń ka agbára. Kó gbogbo nǹkan tó wà nínú mọ́tò jáde, ìgò omi, jákì, kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀, gbogbo ẹ̀. Ìgò omi kan tó bá yí lọ sábẹ́ bíréèkì, mi ò fẹ́ rò ó.

Sísí_Kọ́nà_Kẹta

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti bíréèkì, mi ò ní tún un sọ. Èmi fẹ́ sọ ti ojú, torí ọdún kẹfà mi rèé tí mo ń jókòó ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, wọ́n ń wo iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ojú bá wà lọwọ́ ń gbé mọ́tò lọ, kò sí ọgbọ́n tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó o tó tẹ bíréèkì, ojú ẹ gbọ́dọ̀ ti rí ibi tó o ti máa ya. Bó o ṣe ń ya, ojú ti kúrò níbẹ̀, ó ti lọ síbi tí táyà ẹ ti máa fara kan etí inú kọ́nà, apẹ́ẹ̀sì là ń pè é. O ò sì ní tíì dé apẹ́ẹ̀sì tí ojú ẹ á ti máa wá ibi tó o máa gbà jáde. Tó o bá ń rí i pé gbogbo nǹkan ń yára bá ẹ, pé kọ́nà kàn ń yọ sí ẹ lójijì, kì í ṣe eré ló pọ̀ jù o, ojú ẹ ló súnmọ́ ẹ jù.

Ohun kejì, tẹ bíréèkì nígbà tí mọ́tò bá ṣì wà ní tààrà, kó o tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kó o ya. Táyà ní ìwọ̀n agbára kan tó fi ń di ilẹ̀ mú, tó o bá ti ná gbogbo ẹ̀ sórí bíréèkì, kò ní ku nǹkan tó o máa fi ya kọ́nà. Mọ́tò tìẹ tí táyà iwájú ń fà, tó o bá bá eré tó pọ̀ wọ kọ́nà, imú ẹ̀ á máa lọ síta, gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ́ yí sitíárì kún un, ìyẹn kì í ràn án. Dín iná tó ò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kù díẹ̀, ní sùúrù, táyà á padà di ilẹ̀ mú. Àmọ́ o, má já ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójijì láàárín kọ́nà, torí gbogbo ìwúwo mọ́tò á dà síwájú, ìdí á fúyẹ́, ó sì lè fẹ́ ṣáájú imú. Pẹ́ díẹ̀ kó o tó ya, jẹ́ kí apẹ́ẹ̀sì ẹ jìnnà díẹ̀ wọ inú kọ́nà, ìyẹn á fún ẹ ní àyè tó pọ̀ níbi tó o máa gbà jáde tó o bá ṣe àṣìṣe.

Ti àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ, fọkàn balẹ̀. Track day kì í ṣe ìdíje, ọ̀pọ̀ ibi ò tiẹ̀ gbà kéèyàn ka àkókò ara ẹ̀, má gbé áàpù kankan tó ń ka àkókò dání. Lọ́wọ́ àwọn akọ́bẹ̀rẹ̀, ibi tó lọ tààrà nìkan ni wọ́n ti ń kọjá ara wọn, ọwọ́ ibi tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé àárọ̀ ni, ní ibi púpọ̀ sì rèé, ẹni tó wà níwájú ló máa fọwọ́ júwe fún ẹni ẹ̀yìn pé kó máa bọ̀. Iṣẹ́ tìẹ ò ju kó o wo dígí ní gbogbo ibi tó lọ tààrà, kó o dúró lójú ọ̀nà ẹ, kó o júwe, kó o dín iná kù kó lè kọjá kíá. Má sá fún un, má yà lójijì láti ṣe é lóore, ẹni tó wà lẹ́yìn ti ń ka ohun tó o máa ṣe, tó o bá yí i padà lo máa kó bá a.

Àsíá tún rèé, kó o ti mọ̀ wọ́n sórí kó o tó délé ìpàdé. Yẹ́lò, ewu wà níwájú, dín eré kù, má kọjá ẹnikẹ́ni. Pupa, séṣọ̀n ti dúró, rọra máa bọ̀ ní pít, ibi tí mọ́tò ti ń wọlé wá dúró, kó o má tẹ bíréèkì pa lójijì torí ẹni ẹ̀yìn. Búlúù, ẹni tó yára jù ẹ́ ti dé ẹ̀yìn ẹ. Yẹ́lò tó ní ìlà pupa, ọ́ìlì tàbí omi wà nílẹ̀. Dúdú tí wọ́n bá nà sí ẹ, ìwọ ni wọ́n ń pè, wọlé wá gbọ́ ohun tó dé.

Èyí tó kẹ́yìn, gba olùkọ́, ó kéré tán fún séṣọ̀n méjì àkọ́kọ́. Owó tó o fẹ́ fi ra sàlẹ́ńsà yẹn, ibẹ̀ ni kó lọ.

Gọ́ọ̀mù_Gbígbóná

Mo gba gbogbo ohun tí ẹ sọ, àmọ́ lórí táyà mi ò gbà tán. Bí agbára ẹ bá ká a, ra táyà tó di ilẹ̀ mú gan-an, àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dán láìní ìlà púpọ̀. Táyà tó dáa ló ń gba èèyàn là, mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé táyà burúkú ló mú un kúrò lójú ọ̀nà.

Bíréèkì_Ló_Ṣáájú

Burúkú àti ti ojú títì kì í ṣe ọ̀kan náà, ọ̀rẹ́ mi. Táyà tó ti jẹ tàbí tó ti gbó, kò yẹ kó débẹ̀ rárá, lórí ìyẹn a jọ wà. Àmọ́ táyà ojú títì tó dáa máa ń ké fún akọ́bẹ̀rẹ̀, o máa gbọ́ ọ, á máa ké kó tó já, igbe yẹn ló fi ń kọ́ èèyàn. Àwọn tó dán yẹn ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, á gbé eré ẹ ga kó o tó mọ̀, ọjọ́ tó bá sì já, eré ńlá ló ti já, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ kìlọ̀. Kó lo ti ojú títì fún ọdún kan ná.

@Ẹ́ńjìnì_1600, ra gééjì táyà kan dání. Tí táyà bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè fi psi 4 sí 6 lé, tó bá pọ̀ jù táyà á wú, àárín ẹ̀ nìkan lá máa kan ilẹ̀. Wọ̀n ọ́n bó o bá ṣe wọlé tó ṣì gbóná, tú u díẹ̀. Kó o sì rántí pé kó o tó máa lọlé o gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà.

Ẹ́ńjìnì_1600

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á máa rọ̀ yín lọ́rùn. Mo ti pe mẹkáníìkì náà pé mi ò ṣe sípíríǹgì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi sì béèrè pé inṣọ́ránsì ńkọ́, mi ò rí èsì fún un. Tí mo bá sì wá kúrò lójú ọ̀nà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi tún ní lẹ́yìn èyí ká jọ lọ sí tíráàkì Nürburgring ní Jámánì lọ́dún yìí.

Orí_Lọ̀gá

Ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì, wo ẹ̀yìn tàbí inú ẹ̀, wàá rí àmì Snell, àjọ tó ń dán hẹ́límẹ́ẹ̀tì wò. SA ni ti mọ́tò, bíi SA2020, M ni ti ọ̀kadà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé wọ́n fi iná dán SA wò, nítorí mọ́tò lè gbaná mọ́ èèyàn lára. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe track day gba M fún akọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ò gbà á, nítorí náà bi àwọn tó ń ṣètò kó o tó rà á, àwọn mìíràn ní èyí tí wọ́n ń yáni. Àjọ Snell yẹn, 1957 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí Pete Snell kú nínú ìdíje mọ́tò lọ́dún tó ṣáájú, hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó dé ò lè dáàbò bo orí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ra tọ́kùnbọ̀, o ò mọ ohun tó ti gbá rí. Kó mú ẹ lórí dáadáa, tó o bá mi orí, òun àti orí ni kó jọ mì.

Sísí_Kọ́nà_Kẹta

Inṣọ́ránsì: ti ojú títì kì í sábà dé orí tíráàkì, ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé gbangba pé àwọn ò bá wọn dé ibẹ̀. Ka tìẹ láti òkè délẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ta ti ọjọ́ kan ṣoṣo fún track day, béèrè iye tí ìwọ fúnra ẹ máa kọ́kọ́ san kí wọ́n tó san tiwọn. Wọ́n á ní kó o fọwọ́ sí ìwé pé o mọ ewu tó wà ńbẹ̀, ní ibòmíì tó o bá ba irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà jẹ́, wọ́n á fi owó ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ. Jókòó ti ìyàwó ẹ, ẹ jọ kà á, ohun tó béèrè yẹn tọ́. Mọ́tò tó jẹ́ pé tó bá bàjẹ́ ilé ò ní rí nǹkan gbé síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ jọ gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣáájú.

Tí táyà méjì bá bọ́ sí koríko, jẹ́ kó lọ. Di sitíárì mú tààrà, má tẹ bíréèkì pa, jẹ́ kí eré lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ kó o tó rọra gbé e padà. Ẹni tó bá fipá já a padà sójú ọ̀nà ló máa ń kọjá lọ gbá ògiri òdìkejì. Tó bá ti wá ń yí bírí, tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ, tẹ kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì pọ̀ mọ́lẹ̀, kó o dúró pátápátá, kí àwọn tó kù lè mọ ibi tí wọ́n máa gbà yà fún ẹ. Jókòó sínú mọ́tò, má tú bẹ́líìtì, àfi tí iná bá ń jó.

Nürburgring, rárá, kì í ṣe ọdún yìí. Nordschleife, ọ̀nà gígùn tó wà níbẹ̀, gùn tó kìlómítà 20.8, ìwọ fúnra ẹ ò ní rántí kọ́nà tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i fún gbogbo èèyàn, òfin ojú títì ló ń ṣiṣẹ́ ńbẹ̀, oríṣiríṣi mọ́tò lè wà níwájú ẹ. Tíráàkì kékeré kan tó o lè lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tó o mọ gbogbo kọ́nà ẹ̀ sórí, ìyẹn ló máa kọ́ ẹ.

Ẹ́ńjìnì_1600

Mo ti dé o! Àná ni. Mo ní kí n kọ ọ́ kó tó fò mí lórí.

Olùkọ́ bá mi jókòó ní séṣọ̀n méjì, ìyẹn ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú. Nígbà àkọ́kọ́, gbogbo ohun tó ń sọ kò ju "ojú, ojú, gbé ojú sókè" lọ, Sísí mo sì ń rántí ẹ. Kọ́nà kejì ibẹ̀ gùn, ó sì ń fún mọ́ èèyàn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo yára ya tí imú mọ́tò lọ síta. Nígbà tó wá ní kí n wo òpó kan tó wà lókè ọ̀nà lọ́hùn-ún dípò etí ọ̀nà, gbogbo kọ́nà yẹn fẹ̀ sí i lójú mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n fa àkókò gùn.

Mọ́tò mọ́kànlá ló kọjá mi, mo kà wọ́n. Kò sí ọ̀kan tó fẹ́ gbá mi. Ọkùnrin kan tó gbé mọ́tò ńlá wá tiẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo júwe dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Bíréèkì, ní séṣọ̀n kẹrin mo gbọ́ òórùn kan, bíréèkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju tàárọ̀ lọ. Mo rántí ìtàn yín, mo wọlé, mi ò parí ẹ̀. Mo jókòó wò wọ́n fún wákàtí kan. Nígbà tí mo wọ̀n táyà, ti iwájú ti lé psi 5, nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn kan sì gbà kí n fi sìpánà yí i díẹ̀ kó tó ké, ìyókù le pé. Ṣé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tó bá gbóná nìyẹn ni, àbí kí n tú táyà yẹn wò kí n tó gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́la?

Bíréèkì_Ló_Ṣáájú

O ṣe é re bó o ṣe wọlé yẹn, inú mi dùn gan-an ni. Nọ́ọ̀tì lè tú díẹ̀ lóòótọ́, ooru ló ń fà á, àmọ́ tú táyà náà kúrò, wo ojú ibi tó ti ń jókòó bóyá ìpẹtà tàbí ìdọ̀tí wà níbẹ̀, fọ̀ ọ́ mọ́, dì í padà nígbà tó bá tutù, kó o tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó o bá ti rìn díẹ̀. Ní ti bíréèkì, ní kí wọ́n yọ pádì iwájú kí wọ́n wò ó, tó bá ń dán bíi gíláàsì tàbí tó ti tín-ín-rín, pààrọ̀ ẹ̀, kí wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà wo lò ń padà lọ?

Ẹ́ńjìnì_1600

Oṣù tó ń bọ̀, tíráàkì kan náà. Ìyàwó mi ní òun máa bá mi lọ, ó ti ń béèrè bóyá hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń yáni á mú òun lórí.